Ogun Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Bá Bàbá Mi Jà

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo ya ayò ogun mi sí. Mowe là ń gbé, torí náà àwọn ìlú tí mo mọ̀ ni mo yà: Mowe, Ibafo, Magboro, àti Ifọ̀ tí wọ́n ti bí bàbá mi. Ìdérí ìgò mínírà ni ọmọ ogun. Oníkálukú ní ìlú tirẹ̀; Ifọ̀ ni ti bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá aládùúgbò rẹ̀ mulẹ̀, ó sì lè dalẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lójú onítọ̀hún kó tó gbógun lọ.

Bàbá mi ti wa ọkọ̀ tipa lójú ọ̀nà wọ̀nyí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹsẹ̀ wọn tó kán. Wọ́n wo àwòrán mi, wọ́n ní ẹyẹ nìkan ló lè gba ọ̀nà tí mo là láti Mowe sí Ifọ̀. Àwọn ló bá mi tún un yà. Inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti mú wọn jókòó pẹ̀lú wa bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ayò lọ́jọ́ Sunday ni ogun kọ̀, kò bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin kúnlẹ̀ kó tó lè sọ pé òun fẹ́ gbógun ti Ifọ̀, kò sì lè parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó mi fi Magboro ta bàbá lọ́rẹ. Èmi tí mo ṣe ayò gan-an kó ọmọ ogun dé ẹnubodè wọn, mo kí wọn, mo sì yí padà. Bàbá ń jẹ ayò lọ ràì. Ní Sunday kẹrin, wọ́n ti kàlẹ́ńdà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti kán lẹ ti ń gé ẹran fún mi bí ọmọ kékeré,” ni wọ́n wí. “Ẹ tún wá ń fi ìlú bọ́ mi.”

Wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n wọ yàrá lọ. Ó dùn mí wọra, mo sì búra pé ayò yìí kò ní kú sí mi lọ́wọ́. Mo dín ọmọ ogun kù, mo tún fi kún un, pàbó ló já sí. Àṣé ẹnu wa ni wàhálà wà. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ wá kó ìlú rẹ̀?

Ni mo bá rántí àrokò tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà dé. N kò rí owó ẹyọ, mo fi òwú so ìdérí mínírà méjì pọ̀ dípò rẹ̀. Òfin tuntun ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kéde ogun mọ́: kó gbé àrokò síwájú ẹni tó fẹ́ bá jà, kó fi ife bò ó.

Mo bẹ bàbá títí wọ́n fi gbà láti jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gbé àrokò síwájú wọn, mo fi ife bò ó. Wọ́n ṣí i, wọ́n rí ìdérí méjì tó kẹ̀yìn síra, wọ́n sì wò mí títí. Díẹ̀ ló kù kí n tọrọ àforíjì. Síbẹ̀ mo kó ọmọ ogun mi wọlé, mo gba Ifọ̀. Kò ku ìdérí kan níwájú wọn. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀.

Bàbá wọ́ àga wọn sún mọ́ tábìlì, tòun ti ẹsẹ̀ tó kán.

“Tún un tò,” ni wọ́n wí.