Ẹsẹ̀ Obìnrin Ará Íńdíà

Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí ní Dahomé, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń mọ ilé wa ní Pọ́bẹ̀. Bàbá mi jó o títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, ó wá gbé ère tí à ń gbé sórí jó o lé mi lọ́wọ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde ní Sakété, ìlù dákẹ́, ẹsẹ̀ mi kò dákẹ́. Ìkù, irin tí à ń dì mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, ró gbangba lẹ́yìn ìlù, gbogbo ọjà sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò bú mi. Ó kàn ní: "Bó o bá tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀, àbúrò rẹ ni n ó gbé e fún." Ì bá sàn kó bú mi.

Oko ọ̀pẹ àwọn òyìnbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá sinmi lọ́sàn-án, mo máa ń lọ sẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ láti fi ijó kọ́ra. Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ará Íńdíà, láti Pọndiṣérì, ìlú wọn tó wà lábẹ́ Faransé bíi tiwa. Ìyàwó rẹ̀ máa ń wò mí lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ kan, ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo fi Faransé jágajàga mi bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

"O ń dúró de ìlù," ó ní. "Ẹni tó bá dúró dè é ti pẹ́. Ẹnu ni kó o kọ́kọ́ fi lù ú."

Èmi, ọmọ onígẹ̀lẹ̀dẹ́! Obìnrin tí kò tíì jẹ ẹ̀kọ rí ló fẹ́ kọ́ mi níjó! Ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àpótí, ó fi igi ìdáná lu pákó, ó ń pè é lẹ́nu: ta-ka-dí-mi, ta-ka-jú-nu. Ó gé e síbi tí onílù tiwa máa ń gé e gan-an. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Mo gbé ìbínú mi mì.

Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ mi. Ẹnu àti pákó nìkan ló lò. Kò fẹsẹ̀ jó lójú mi rí, bàtà rẹ̀ kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ jó níwájú òrìṣà wọn, pẹ̀lú ṣaworo lọ́rùn ẹsẹ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ijó náà ti wà kí òyìnbó tó dé. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní aṣẹ́wó. Ọkọ rẹ̀ wá ní ìyàwó òun kò gbọdọ̀ jó lójú èèyàn láéláé.

"Lọ́dọ̀ tiwa," mo ní, "ọkùnrin ló ń jó, kí inú àwọn ìyá lè yọ́ sí wa."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ọkùnrin ló ń jó bẹ àwọn obìnrin?"

"Àwa ni, mà."

Ó ní òun gbọ́dọ̀ fojú ara òun rí i.

Nígbà tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tún pé, òun àti ọkọ rẹ̀ wá sí Sakété lóòótọ́, wọ́n sì fún wọn ní ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá àgbà. Mo jó, mò ń pe ìlù lẹ́nu lábẹ́ aṣọ tó bò mí lójú. Ó ń dára bọ̀, àfi bí onílù ṣe yí i padà, tó lu ohun tí n kò gbọ́ rí. N kò mọ èyí tí n ó pè mọ́. Bí mo ṣe yọjú lójú aṣọ ni mo rí ẹsẹ̀ obìnrin náà. Kò sí bàtà níbẹ̀ mọ́. Ó ń lulẹ̀ gbì, gbì, nínú eruku, ọ̀kankan kò tàsé. Bó ṣe mọ ibi tí ìlù yóò parí sí, n kò mọ̀ títí dòní. Mo gbé ẹsẹ̀ mi tẹ̀lé tirẹ̀. Ó dúró, mo dúró, ìlù dákẹ́. Ìkù mi kò ró mọ́.

Ariwo ayọ̀ sọ. Bàbá mi di apá mi mú, ó ní èmi ni mo ni ère. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní, bí wọ́n bá kí mi kú ijó, obìnrin náà ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mi. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo yíjú sí wọn lọ́jọ́ náà, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa bàtà ìyàwó rẹ̀ méjèèjì nínú eruku, ó dì wọ́n mú lọ́wọ́. Kò sọ fún un pé kó wọ̀ wọ́n.