Alágbàfọ̀ Tí Kò Sí Nílé Ara Rẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mi-Ò-Sí, ìtàn àga ni gbogbo àdúgbò kọ́kọ́ máa ń sọ. Olùkọ́ kan wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò, ó ń kọ́ wọn pé ohun tí kálukú ń pè ní "èmi" kò ju ìrònú lásán lọ, pé ìyè kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo wa. Ó béèrè pé, "Ta ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìgbéraga nínú yín?" Kó tó panu dé, alágbàfọ̀ ti gun orí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Èmi nìkan ni! Ẹ wò mí dáadáa!" Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í fi ìborùn bojú.

Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Bí oníbàárà bá kanlẹ̀kùn pé, "Ṣé ẹ wà nílé?" á dáhùn pé, "Ilé wà, aṣọ wà, áyọ́ọ̀nù wà. Ẹni tó wà nílé la ò tíì rí." Ṣùgbọ́n kẹ́nì kan dán an wò kó ní alágbàfọ̀ òdìkejì títì mọ aṣọ lọ̀ jù ú! Wéré lẹni tí kò sí á yọjú, tí á máa fọ́nnu.

Irú fífọ́nnu bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí áyọ́ọ̀nù jó aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ tó ti kú.

"Olówó orí mi, ẹ ṣáà sọ pé kí n má bínú," ni ìyàwó wí. "Mi ò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ta ló máa bẹ̀ ọ́? Ooru dé, aṣọ jó. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Ìyàwó ò bá a jà. Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ṣí abọ́, ó bá a lófìfo.

"Oúnjẹ mi dà?"

"Ebi dé, oúnjẹ lọ. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́."

"Ebi ń pa mí o! Èmi gan-an!"

"Háà, ẹ káàbọ̀! Ìgbà wo lẹ dé?"

 Ọkọ fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ṣùgbọ́n kò bẹ ìyàwó. Ohun tó sì ń dun obìnrin náà ti kọjá aṣọ: bí kò bá sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́, á jẹ́ pé òun náà kò sí nìyẹn, kò sẹ́ni tó dùn.

Ọdún gorí ọdún. Àìsàn dá ọkùnrin náà dùbúlẹ̀, kò lè dá ife omi gbé mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà fa àpótí ìjókòó, ó rò pé ìwàásù tún ti dé.

"Aya mi, èmi ni mo jó aṣọ ìyá rẹ. Ẹnu mi ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tó yẹ kójú mi máa ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́, mo kàn ń sá fún un ni. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

Ìyàwó dúró kí ọkọ fi àlàyé tì í bí ìṣe rẹ̀. Àlàyé kankan ò wá.

"Mi ò bínú mọ́," ni ìyàwó wí. Ẹ̀rín àti ẹkún jọ já lu ara wọn lójú rẹ̀.

Látìgbà tó ti ń wàásù pé ìgbéraga òun ti kú, ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sọ fún un. Ó mọ ọkọ rẹ̀: bó bá gbọ́ ọ, kò ní lè ṣe kó má fọ́nnu. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì fi í sílẹ̀.