Wákàtí Kan Péré láti Àbújá

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá sọ létí mi pé wákàtí kan péré ni bàálù fi ń fò láti Àbújá wá sí Ìkẹjà, inú mi á ru. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ náà gan-an ló ń bí mi nínú.

Lẹ́yìn ìrun àṣùbáà ni bàbá wa kú, nílé wọn ní Egan, lẹ́bàá Ìgàndó. Télọ̀ ni wọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀, a sì ti ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la máa sin wọ́n. Mo pe àbúrò mi tó ń gbé Àbújá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ojú wọn. Mo ti wò ó lórí fóònù, wákàtí kan péré ni. Kí ẹ tó kírun ọ̀sán, mo ti dé."

Mo bẹ àwọn àlùfáà pé bó bá pẹ́, kí wọ́n dúró dè é díẹ̀, wọ́n gbà tìkọ̀tìkọ̀. A wẹ òkú, a dì í sínú aṣọ funfun, a sì jókòó tì í. A kírun ọ̀sán, kò dé. Ó pè: bàálù ò tíì gbéra. Ó tún pè: àwọn ti wọ bàálù, wọ́n tún ní kí àwọn sọ̀kalẹ̀.

Àbúrò bàbá wa gbaná jẹ: "Bàálù wo nìyẹn jàre? Èmi tí mo wọ mọ́tò láti Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti dé, mo ti jẹ ẹ̀bà!"

Nígbà tó di àlàásárì, ó pariwo lórí fóònù: "A ti balẹ̀ o!" Inú wa dùn bí ìgbà tó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gọ̀ ni wá. Fóònù ka ojú ọ̀run fún un, kò ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìkòtún sí Ìgàndó mọ́ ọn. A dúró títí, ni àlùfáà àgbà bá dìde.

"Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti ní kí òkú máa dúró de bàálù. Ẹ gbé wọn."

A ti rọ́ yẹ̀pẹ̀ kún sàréè tán nígbà tí ọ̀kadà já àbúrò mi sílẹ̀, báàgì lọ́rùn rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ẹ ò lè dúró dè mí? Wákàtí kan péré!"

Ọ̀rọ̀ náà ló ta mí lára.

"Wákàtí kan péré? Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn ńkọ́, ṣé kì í ṣe wákàtí kan náà ni? Iléyá tó lọ, èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣé ojú ọ̀run gùn sí i ni? Bàbá yìí á gbé àga síta nírọ̀lẹ́, bàálù á máa sọ̀kalẹ̀ lórí wa lọ sí Ìkẹjà, wọ́n á ní, 'Bóyá ọmọ mi wà nínú èyí.' Èmi á ní, 'Bóyá, Bàbá.' Ìwọ lo sọ mí di òpùrọ́!"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ sórí èyí tó ti kún. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni ojú wọn ṣe rí?"

Mo gbé ṣọ́bìrì lé èjìká, mo gba ọ̀nà ilé lọ.