Agbádá Tó Gbé Lẹ́ńsì Wọ Bàálù

Bàbá mi ní àwọn fẹ́ rí ilà ojú ẹ̀gbọ́n àwọn. Kì í ṣe ohùn ni wọ́n ń wá. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pe ara wọn lórí fóònù, tí àwọn méjèèjì á máa pariwo bí ẹni tó dúró lórí òkè méjì tó kọjú síra. Ojú gan-an ni wọ́n fẹ́ rí. Ẹ̀gbọ́n náà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wà ní Ògbómọ̀ṣọ́; bàbá mi wà ní Madina, ní Accra níbí, níbi tí wọ́n ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò lè rin ìrìn tó jìn mọ́. Àwọn ọmọ Ìyá Àgbà máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fọ́tò inú òkùnkùn ni, ọwọ́ ẹni tó yà á á sì ti gbọ̀n. Bàbá á gbé fóònù náà mọ́ imú, wọ́n á tún nà án síwájú.

"Ta rèé?" ni wọ́n máa ń bi mí. "Ṣé èèyàn ni àbí àpò gàrí?"

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, ẹnu mi ò sì dúró sójú kan, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n tún bi mí báyẹn, mo ní, "Bàbá, màá lọ. Màá lọ ya Ìyá Àgbà fún yín. Màá tẹ̀ ẹ́ jáde kó tóbi bí ilẹ̀kùn. Ọwọ́ yín lẹ ó fi ka ilà náà lọ́kọ̀ọ̀kan." Bàbá wò mí lókè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Má fi ẹnu lásán ṣe é o." Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo oníbàárà wọn ló ti gbọ́ pé mò ń lọ gbé ojú Ìyá Àgbà wá. Bó ṣe di ọ̀ranyàn nìyẹn.

Lẹ́ńsì kan tí mo ní ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tóbi bí odó ata, ó sì wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e kọjú sí èèyàn, kò sí irun ìpéǹpéjú tí kò ní rí. Wàhálà ibẹ̀ ni bàálù. Kílò méje ni wọ́n gbà kí èèyàn gbé lọ́wọ́ wọlé. Mo gbé báágì mi sórí òṣùwọ̀n, kámẹ́rà méjì, lẹ́ńsì mẹ́ta, iná, bátìrì, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Wọ́n á ní kí n jẹ́ kó lọ sí ikùn bàálù pẹ̀lú ẹrù yòókù. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mò ń lọ ya ìgbéyàwó kan ní ìlú Tamale. Nígbà tí mo ṣí báágì náà, ńṣe ni gíláàsì lẹ́ńsì mi ń dà sílẹ̀ bíi ṣúgà. Lẹ́ńsì tuntun yìí nìkan ló kù mí kù. Bó bá fọ́, àpò gàrí ni bàbá mi á máa wò lọ.

Ẹni tó ní làákàyè á ti lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàálù pé kí ni ṣíṣe. Èmi kọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá sọnù ní oríta ńlá Circle, ìgbà mẹ́rin ni màá kọ́kọ́ yí i po kí n tó la ẹnu bi ẹnikẹ́ni. Bàbá ni mo lọ ráhùn fún, àwọn náà ò sì sàn jù mí lọ. Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀.

"Ẹrù ni wọ́n ń wọ̀n, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wọ́n á wọn aṣọ ọrùn ẹ náà?"

"Rárá, sà."

"Ó parí nìyẹn. Gbé e wá."

Mo gbé lẹ́ńsì ńlá náà lé orí tábìlì. Bàbá mi fa tẹ́ẹ̀pù yọ lọ́rùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń wọn oníbàárà: ọrùn, ìdí, gígùn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n wá gbé ojú sókè, wọ́n ní, "Ṣé ó fẹ́ kó fún un ni àbí kó tù ú lára díẹ̀?" Ẹ̀rín pa mí débi tí mo di ògiri mú. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní oníbàárà tó bá wúwo tó báyẹn, wọn kì í rán an ní fífún.

Agbádá aláwọ̀ ewé ni wọ́n rán. Àpò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tẹ́ nínú. Ti lẹ́ńsì ńlá wà lápá ọ̀tún. Àwọn kéékèèké méjì wà lápá òsì kí aṣọ náà má baà wọ́ mi ṣubú, bátìrì àti iná wà láyà. Mo rò pé iṣẹ́ parí, àfi bí bàbá ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣe iṣẹ́ ọnà sí i lọ́rùn. Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀, pé ọgbọ́n la fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe fáàrí. Wọ́n ní agbádá tí kò ní iṣẹ́ ọnà lára, ó kù díẹ̀ kó di aṣọ ẹlẹ́wọ̀n, orúkọ àwọn ló sì wà lára ẹ̀. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́, wọ́n ní kí n rìn lọ, kí n rìn bọ̀.

"Má rìn bí ẹni tó jí nǹkan. Rìn bí ẹni tó ní ilé méjì. Ẹhẹ́ẹ̀n! Ó dára paa!"

Ní ọjọ́ tí mo máa lọ, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́. Ẹni tó ní ọmọ ní Ìlọrin gbé ìgò ata díndín tí wọ́n ń pè ní shito wá, ẹni tó ní àbúrò ní Ṣakí di ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ sínú ọ̀rá. Báyìí la ṣe ń ṣe é, ẹni tó bá ń lọ sílé, ẹrù gbogbo wa ló ń rù. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà tàwọn ti ọ̀pá, wọ́n ń dá gbogbo wọn padà. Wọ́n ní ẹrù kan ṣoṣo ni mò ń bá lọ, ẹrù náà ò sì fẹ́ olùbárìn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jẹ ayé ní pápákọ̀ òfurufú Accra lọ́jọ́ náà. "Alhaji, ẹ máa bọ̀ níbí." "Alhaji, ẹ kọjá." Mi ò tíì rí Mẹ́kà rí, àfi nínú fọ́tò. Obìnrin tó wà ní kántà gbé báágì mi sórí òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́fà àti díẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó na ìwé ìrìnnà mi padà, inú mi dùn, mo sì gbàgbé ara mi.

Ẹni tó bá ń wọ agbádá á mọ̀ pé inú dídùn kì í fi ọwọ́ ẹni sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi lọ fúnra rẹ̀, ó ká aṣọ náà, ó sọ ọ́ sí èjìká bí mo ṣe ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti dá aṣọ wọ̀. Lẹ́ńsì fò sókè. Ó gba èjìká mi kọjá, ó fi gbogbo agbára lù mí lẹ́yìn, gbì! Ó tún yí lọ gbá irin tí wọ́n fi ń to èèyàn sí ìlà. Kọ́!

"Ei, Alhaji! Kí ló wà nínú aṣọ yẹn?"

Bàbá mi nìkan ni mò ń rí, tí wọ́n gbé fóònù mọ́ imú, tí wọ́n ń béèrè ta rèé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù jáde lára. Bátìrì. Iná. Lẹ́ńsì kékeré. Òmíràn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń fi ohùn rara kà á. Nígbà tí mo fa èyí tó tóbi yọ, gbogbo wọn ní "Haa!" Mo dè é mọ́ kámẹ́rà, mo gbé e sójú, mo kọjú rẹ̀ sí obìnrin kántà náà. Mo rí irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí lẹ́búlẹ́bú ojú rẹ̀, mo rí àpá kékeré kan lẹ́bàá irun ojú òsì. Kò sí ìlà, kò sí ìfọ́ nínú lẹ́ńsì náà.

"Ó pé! Ó pé pérépéré!" ni mo kígbe. Ẹnì kan lẹ́yìn mi ní, "Alhamdulillahi," bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé.

Obìnrin náà ní kí n ṣàlàyé ara mi. Mo ṣàlàyé, láti orí ilà ojú títí dé orí tẹ́ẹ̀pù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ẹ̀yin Alata yìí!" Bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. "Ẹ ò bá ti béèrè lọ́wọ́ wa. Yàtọ̀ sí báágì tí a wọ̀n, a máa ń fún èèyàn láyè báágì kékeré kan sí i, ti kámẹ́rà tàbí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni."

Ọjọ́ mẹ́ta iṣẹ́ ọnà! Ó bi mí pé báágì kékeré mi dà, mo ní mi ò ní. Ó wo agbádá náà, ó fi ọwọ́ tọ́ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ wò.

"Báágì kékeré yín nìyí. Ẹ kó wọn padà. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, Alhaji, ẹ má jù ú mọ́."

Níbi àyẹ̀wò, agbádá náà dá jókòó sínú abọ́ tirẹ̀, ó wọ inú ẹ̀rọ lọ bí ọba. Nínú bàálù, mo gbé e sí itan bí ọmọ ọwọ́ títí a fi balẹ̀ sí Èkó, mo sì tún gbé e bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àga fún Ìyá Àgbà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé jẹ́jẹ́. Mo ro ìtàn agbádá fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ya ẹ̀rín náà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti ká ilà ojú wọn pọ̀ mọ́ra, kò ṣeé kà. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ àbúrò mi yẹn, ṣé ó ń dùn ún lóru?" Ojú tí wọ́n fi bi mí ni mo yà. Èyí tí mo tẹ̀ jáde nìyẹn.

Nígbà tí mo padà dé Accra, Circle ni mo ti tẹ̀ ẹ́. Kò tó ilẹ̀kùn, mo ti purọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ga dé àyà mi. Mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì trotro lọ sí Madina, mo dì í mú láàárín orúnkún, mate tó ń gbowó ọkọ̀ sì ní kí ìyá inú fọ́tò náà bọ́ sẹ́bàá fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọn.

Mo gbé e ti tábìlì ìgéṣọ, mo tú ìwé tí wọ́n fi wé e. Bàbá mi sún mọ́ ọn. Wọ́n fi ìka tọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan, ọ̀kan, títí dé ìkẹyìn. Wọ́n bọ́ sí ti òsì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí fìlà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Mo sáré fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n na ọwọ́ pé kí n fi àwọn sílẹ̀. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì níwájú fọ́tò náà.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n wà níbẹ̀. Àbúrò tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí ẹ̀gbọ́n á fi dá a lóhùn. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ò sì lè la ẹnu sọ fún bàbá mi pé kí wọ́n dìde nínú ìkíni tí kì í ṣe èmi ni wọ́n kí. Mo yọ fóònù, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́, mo ṣí ohùn rẹ̀ síta.

"Ìyá Àgbà, bàbá ti rí yín, mà. Wọ́n wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ fún yín."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn?" ni Ìyá Àgbà wí. Ohùn wọn yí padà. "Dìde, ọmọ ìyá mi. Dìde, ilẹ̀ tutù."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n dojú bolẹ̀ sí. "Ilẹ̀ ò tutù níbí, mà," ni wọ́n wí. "Accra la wà." Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi pé kí n fa àwọn sókè.