Bollamma àti Yàrá Tí A Kì í Gbà Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ jẹ́ n sọ ti Bollamma fún yín. Bí mo bá bù mọ́ ọn níbì kan, ẹ fojú fò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò níyọ̀, kó lọ bá nọ́ọ̀sì tó ka iyọ̀ léèwọ̀ fún mi sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi ló bí Monnappa, Monnappa ló bí Bollamma. Kodagu ni ilé wa, ní ilẹ̀ Íńdíà, lórí òkè, níbi tí kọfí ti ń hù lábẹ́ igi ńlá, tí òjò ń rọ̀ débi pé eṣúṣú ibẹ̀ tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo ti rí ọ̀kan tó gbé ewúrẹ́. Ó dáa, ọmọ ewúrẹ́ ni. Láti ìgbà tí Bollamma ti parí ìwé ló ti wà ní ìlú ńlá Bengaluru, tó ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé.

Ó ti ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún mi títí agara fi dá a. Ó ní kọ̀ǹpútà ńlá kan dà bí ilé elérò púpọ̀, àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn tí kò ṣeé fọwọ́ kàn sì ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Ayálégbé wọ̀nyí ò fọkàn tán onílé, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá náà, rárá. Ìrántí tí wọ́n pín fún wọn, wọ́n gé e sí ojú-ewé kéékèèké, bíi yàrá. Àwọn kan wà ní títì, onílé ò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Àwọn kan wà ní ṣíṣí bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí tọ̀tún tòsì lè máa gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn. Èyí tó ṣí lónìí lè di títì lọ́la. Tí wọ́n bá sì fẹ́ ti yàrá kan pa, ayálégbé gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo gbà á," kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Bó bá ń gba yàrá tó ti gbà tẹ́lẹ̀, onílé oníwàkiwà lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní mọ̀. Iṣẹ́ Bollamma ni kí ayálégbé máa rántí ipò tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà.

"Èwo ló ṣí, èwo ló tì, ta ló wọlé, ta ló jáde," ni mo wí. "Iṣẹ́ ìyá ọkọ nìyẹn! Wọ́n tiẹ̀ ń sanwó fún ọ?"

"Bàbá Àgbà, ẹ ò ní yé ṣe yẹ̀yẹ́ mi."

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ni Puthari, ọdún ìrẹsì tuntun wa. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọmọ ilé ló ń darí wálé. Bí òṣùpá bá yọ, tí àkókò bá tó, Monnappa, tó máa ń gé ìrẹsì àkọ́kọ́ fún ilé wa, á mú dòjé sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú oko, ìbọn á dún, gbogbo wa á sì pariwo pé, "Poli, poli deva!" kí Ọlọ́run bù sí i. Lẹ́yìn náà la ó jẹ iṣu, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a pò mọ́ ìyẹ̀fun ìrẹsì yíyan. Ṣùgbọ́n ìparí ọdún ni Puthari máa ń bọ́ sí, ìgbà yẹn náà sì ni ilé-iṣẹ́ wọn máa ń gbé iṣẹ́ tuntun jáde. Ọdún gorí ọdún, Bollamma ò rí ààyè wá. Á wá máa pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ṣé ẹ ti tú omi oko? Àwọ̀ wo ni ìrẹsì ní báyìí?"

"Àwọ̀ ìrẹsì."

Lọ́dún yìí, ojú Monnappa ti ń ṣú, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó ní òun á gé ti ọdún yìí, lẹ́yìn náà òun á gbé dòjé lé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́. Ó wá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Wá dúró tì mí, kí n má baà ṣubú." Monnappa tí kì í bẹ èèyàn! Ọmọ náà gbààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó gba tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ó di ẹrù.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, tí àwọn ayálégbé inú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á máa ṣiṣẹ́ lọ, wọ́n á sì dákú láìdágbére. Nagabhushan, ọ̀gá rẹ̀, wá dúró tì í.

"Bollamma, báàgì wo nìyẹn?"

"Ilé ni mò ń lọ, sà. Ẹ ti fọwọ́ sí i."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń yìnbọn sí ìrẹsì. Kí ni ìrẹsì ṣe fún yín gan-an?" Ó fa àga, ó jókòó. "Gbọ́, má jẹ́ ká pẹ́ lórí ẹ̀. Sọ fún ayálégbé kó gba gbogbo yàrá rẹ̀ lákọ̀tun. Gbogbo nǹkan á pa rọ́rọ́. Lọ bá bọ́ọ̀sì rẹ. Tó o bá dé, a ó wá ìdí ẹ̀."

"Sà, ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn."

"Ta ló máa mọ̀?"

"Onílé tó bá ń wá ibi tó máa gbà wọlé."

"Orí ẹ̀yin ará òkè yìí le ju òkúta lọ."

Inú àwọn ayálégbé wọ̀nyẹn ni àwọn ilé ìwòsàn ń kó ọ̀rọ̀ àìsàn èèyàn pamọ́ sí. Bollamma wo báàgì rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀. Ó fẹsẹ̀ ti báàgì sábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ ọdún, àwa ti wà nínú oko. Òṣùpá náà tóbi ju atẹ lọ, ó sún mọ́ wa débi pé mo fi fìlà bojú. Èmi ni mo di fóònù mú.

"Bàbá Àgbà, ẹ gbé e sókè kí n lè gbọ́."

"Mo ti gbé e dé ẹnu òṣùpá."

"Ta ló dúró ti Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin? Ta ló wá di ẹ̀yin mú?"

"Ẹrẹ̀."

Ìbọn dún. Monnappa fọwọ́ wá ìdí ìrẹsì bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì, ó rí i, ó gé e. A pariwo. Mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan nínú fóònù tó ń pariwo pẹ̀lú wa, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, fóònù sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Bollamma rí ohun tó ń pa àwọn ayálégbé. Wọ́n máa ń so ọ̀pọ̀ yàrá kéékèèké pọ̀ di gbọ̀ngàn kan, kí iṣẹ́ lè yá. Àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ẹnu yàrá àkọ́kọ́ nìkan ló ń wò. Bí ìyẹn bá ti wà ní títì, ó gbà pé gbogbo gbọ̀ngàn ló tì. Yàrá kan wà láàárín tó ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ayálégbé ń kú sí. Ó tún un ṣe, ó sì wọ bọ́ọ̀sì.

Nígbà tó dé, kò wọlé. Ó bọ́ bàtà, ó gba etí oko lọ sáàárín kùkùté ìrẹsì, ó dúró síbẹ̀. Monnappa àti èmi wà lórí òkè, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló wà nínú oko yẹn?" ni Monnappa ké.

"Èmi ni."

"Èmi wo?"

"Bollamma."

"Ìrẹsì ti wọlé," ni Monnappa wí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí lo wá ń wá níbẹ̀?"

Monnappa dìde, ó na ọwọ́ síbi tó rò pé ohùn ọmọ náà ti wá. Apá òsì ni. Apá ọ̀tún ni ọmọ náà wà, ó ń gòkè bọ̀, ó ń rọra fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.