Ẹsẹ̀ Ọmọ Lábẹ́ Gíláàsì

Nígbà tí Veronica fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ táípíìsì ní sẹkitéríàtì Ọ̀wọ̀ lọ́dún 1998, gbogbo ayé ló mọ ohun tó yẹ kó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ rà. Àwọn kan ní kó ra ẹ̀rọ ìlọta. Àwọn mìíràn ní fíríìsà ni, kó máa ta omi tútù. Akínwọlé ọmọ rẹ̀ kọ̀wé láti Kàdúná pé kí ìyá òun ra ilẹ̀ oko sí Ìpele. Ta ló bi wọ́n? Obìnrin náà ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó gbé e sí pálọ̀, ó da aṣọ bò ó, ó ní sìkánà ló kù. Wọ́n bi í pé kí ni wọ́n ń fi sìkánà ṣe. Ó ní ẹ̀rọ tó ń wo fọ́tò, tó sì ń gbé àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tí wọ́n ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà láti ọmọ ọdún méjì, ẹ̀rín wo ló tún kù tó máa bà á lẹ́rù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ ọdún méjì. Ògúnyẹmí, bàbá rẹ̀, ló kọ́kọ́ fẹ́ Àbẹ̀ẹ́bí ọmọ Afo, wọ́n sanwó orí rẹ̀, ìdílé méjèèjì jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì bí Veronica lọ́dún 1941. Lẹ́yìn náà ni bàbá tún fẹ́ ìyàwó kejì. Kò pẹ́ tó fi gba ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà, wọ́n sọ ọ́ ní Boniface, wọ́n ní ìyàwó kan ṣoṣo ni kó mú lọ síwájú pẹpẹ. Èyí tó kéré ló mú. Àbẹ̀ẹ́bí pọn ọmọ rẹ̀, ó sì forí lé Afo. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé ọkọ, fọ́tò kan ṣoṣo ló gbé, tòun ti férémù rẹ̀: Àbẹ̀ẹ́bí jókòó, Ògúnyẹmí dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, Veronica wà lórí itan ìyá rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni obìnrin náà ṣe? Kò jalè, kò ṣàgbèrè. Ó kàn ṣáájú ni.

Ògúnyẹmí ní àṣà kan. Kì í fẹ́ kí fọ́tò máa yọ̀ nínú férémù, nítorí náà ó máa ń fi sítáàṣì gbígbóná, irú èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń mú kí aṣọ le, lẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò mọ́ gíláàsì. Bó ṣe ṣe gbogbo fọ́tò ilé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí òjò wá jò sára ògiri yàrá Àbẹ̀ẹ́bí ní Afo, gbogbo ojú fọ́tò náà lẹ̀ mọ́ gíláàsì pátápátá.

Àbẹ̀ẹ́bí kú lọ́dún 1986. Veronica gbé férémù náà lọ bá Kàsúmù, onífọ́tò tó wà nítòsí Ọjà Ọba, pé kó bá òun ṣí fọ́tò náà kúrò lára gíláàsì. Kàsúmù fi ọ̀bẹ tín-ín-rín bẹ̀rẹ̀ láti igun ìsàlẹ̀. Kò tíì lọ jìnnà tí bébà fi ya, ẹsẹ̀ òsì ọmọ tó wà lórí itan sì ya bá a lọ. Kàsúmù ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ìyá Akínwọlé, ẹ má bínú. Bí mo bá tún fà á, ojú ìyá yín ló kàn."

Ó gbìyànjú láti fi kámẹ́rà ya fọ́tò náà lórí gíláàsì rẹ̀, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ kọ mànà, funfun bo Àbẹ̀ẹ́bí lójú. Veronica gbé fọ́tò rẹ̀ padà sílé. Ọdún méjìlá ló fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ohun tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni Ambrose, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyàwó tó dé pẹpẹ. Ọ̀gá ilé ìwé ni Ambrose, ó mọ̀wé, ó mọ ìwà ọmọlúàbí, bó bá sì fẹ́ gún èèyàn lọ́bẹ, á kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Oṣù Kejìlá ọdún 1999 ni bàbá wọn máa pé ogún ọdún tó ti kú, Ambrose sì ń ṣe ìwé ìtàn ìdílé tí wọ́n máa pín fún àlejò. Ó wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Sístà, ẹni tí a bá ní fọ́tò rẹ̀ nìkan la máa kọ sínú ìwé o. Ìtàn ni, kì í ṣe àlọ́."

"Fọ́tò iye mi, ìyá tó bí mi, wà."

"Ó wà lára gíláàsì, Sístà, àwọn atẹ̀wé kò sì gba gíláàsì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi ránṣẹ́ sí Èkó, kí wọ́n fi omi gbígbóná ṣí i. Bó bá wá bàjẹ́, a jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Veronica wò ó láti òkè délẹ̀. "Ulé yìí ti lé iye mi jáde lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Kò ní í lé e lẹ́ẹ̀kejì. Máa lọ, ìyàwó ẹ ń retí ẹ nílé."

Kàsúmù ló sọ fún un pé sìkánà ti dé Àkúrẹ́. Veronica fi ìró méjì wé fọ́tò náà, ó gbé e lé itan nínú mọ́tò, ó di ṣọ́ọ̀bù Fàsásì tó ń ta kọ̀ǹpútà. Fàsásì fi ẹ̀rọ kan hàn án tó ń gbé bébà mì lápá kan tó sì ń pọ̀ ọ́ jáde lápá kejì.

"Ṣé ó lè gbé gíláàsì mì?"

Fàsásì rẹ́rìn-ín, ó gbé òmíràn wá, tuntun, pẹlẹbẹ, tí kò wúwo ju àwo oúnjẹ lọ. "Èyí ni gbogbo ọ̀gá ń rà báyìí, Mama. Ẹ máa sanwó, mo fọwọ́ sọ̀yà."

"Fọwọ́ ẹ sílẹ̀. Tan án kí n rí i."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ tan án báyìí ni iná lọ. Fàsásì ní kí Mama lọ kó padà wá lọ́la. Veronica jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Ọmọ mi, láti 1943 ni mo ti ń dúró. Ṣé iná NẸ́PÀ ló máa wá lé mi?" Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí, kò jẹ, kò mu, fọ́tò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń wò ó bíi wèrè. Ó ń wò wọ́n padà.

Iná dé. Wọ́n da fọ́tò dojú bo ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, àmọ́ àwòrán tó jáde dà bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́. Fàsásì ní fọ́tò ló ti gbó.

"Fọ́tò kọ́. Ẹ̀rọ ẹ ni kò ríran kọjá imú ẹ̀. Gbé èyí tó wà lókè yẹn."

"Mama, èyíinì ti pẹ́. Ó wúwo bí ọlọ, ìdérí rẹ̀ sì ti kán."

"Gíláàsì mi nípọn. Ìdérí wo ló fẹ́ pa dé lórí ẹ̀?"

Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Veronica tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo fọ́tò lórí ẹ̀rọ kí ìmọ́lẹ̀ ìta má baà wọlé. Iná inú ẹ̀rọ ńlá náà, tó ń ríran kọjá gíláàsì, rìn lábẹ́ gèlè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwòrán wá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà: irun Àbẹ̀ẹ́bí, iwájú orí, ojú méjèèjì, ọrùn, ó sì kan ọwọ́ ọkùnrin náà léjìká rẹ̀. Veronica bú sẹ́kún níṣojú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran: ó rí i pé ọwọ́ yẹn kò fara balẹ̀ lásán, ó di èjìká náà mú. Bàbá òun fẹ́ràn ìyá òun. Ó sanwó ẹ̀rọ tí ìdérí rẹ̀ kán, ó gbé e relé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí Ambrose fi kan ilẹ̀kùn. Férémù kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó ìyá tirẹ̀ ni, sítáàṣì bàbá wọn sì ti lẹ òun náà pa mọ́ gíláàsì. Ó ti fi omi gbígbóná dán fọ́tò kékeré kan wò nílé, ó sì ti yọ́ bí ògì.

Veronica lè lé e lọ. Ó wù ú, ká má purọ́. Àmọ́ obìnrin tó wà nínú férémù yẹn kọ́ ló lé ìyá òun. Ó gbà láti bá a ṣe é.

"Ẹ ṣeun, Sístà. Ṣùgbọ́n ti fọ́tò yín yẹn... wọ́n ní èèyàn lè gé àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ gé Bàbá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín, kí wọ́n dá dúró. Fáda máa ka ìwé náà."

"Ó dáa. Ṣé kí n gé Bàbá kúrò nínú tìyá ẹ náà?"

Ambrose gbá férémù mọ́ àyà.

"Gbọ́, Ambrose. Kí méjèèjì wọlé bí wọ́n ṣe wà, tàbí kí méjèèjì dúró sára gíláàsì."

Ambrose wo férémù ìyá rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó fà á lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Veronica fúnra rẹ̀ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ bá àwọn atẹ̀wé. Atẹ̀wé sọ pé òun lè ya ẹsẹ̀ òsì sí ọmọ tó wà lórí itan, kò ní hàn. Veronica ní kó má dán an wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò náà, bó ṣe tẹ lẹ́tà ìjọba fún ọgbọ̀n ọdún, láìṣì kọ: "Ògúnyẹmí àti Àbẹ̀ẹ́bí ìyàwó rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ wọn, 1942." Fọ́tò ìgbéyàwó ìyá Ambrose wà ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, níbi tó ti yẹ kó wà.

Lọ́jọ́ ìrántí, wọ́n pín ìwé náà lágbàlá ilé Ògúnyẹmí, ilé tí Àbẹ̀ẹ́bí kò tún fẹsẹ̀ tẹ̀ títí ó fi kú. Àna wọn kan láti Isuada ṣí i, ó wo ọmọ inú fọ́tò náà lókè nísàlẹ̀, ó wá pariwo láàárín àwùjọ.

"Ọmọ yìí ò ní ẹsẹ̀ òsì kẹ̀! Ẹsẹ̀ rẹ̀ dà?"

Veronica dìde. Ó ká ìró rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ síwájú Ambrose, síwájú Fáda, síwájú gbogbo wọn.

"Òun nìyí," ló wí. "Òun ni mo fi rìn padà wọlé."