Àpótí Irin Tó Gba Clifford

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ èrìgì. Mi ò fi iyọ̀ sí i rárá, nítorí ọbẹ̀ tó dùn láti inú ìkòkò kò wá iyọ̀ kiri.

Clifford Ormerod hunṣọ nílé iṣẹ́ òwú títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Ó sin Edna ìyàwó rẹ̀. Ohun tó wá kù fún un láyé ni ẹyẹlé. Ẹ̀yìnkùlé ni ilé wọn wà, pákó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kùn. Ní Lancashire níbí, bí àwọn ọlọ́lá ṣe ń sáré ẹṣin ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sáré ẹyẹlé. Wọ́n á fi ọkọ̀ kó wọn sọdá òkun lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n á tú wọn sílẹ̀, kí oníkálukú wá ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹyẹ tó kọ́kọ́ dé kò tíì jẹ nǹkan kan o. Àfi tó bá wọlé, tí òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pákó ẹnu ọ̀nà, ni aago ìdíje tó wà níbẹ̀ tó máa kà á.

Clifford kò gba ife ilẹ̀ Faransé rí, bó ṣe darúgbó tó. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ó ní abo kan, aláwọ̀ eérú, Hettie lorúkọ rẹ̀. Ojú mi ti rí ẹyẹ láyé yìí, àṣá gan-an máa ń yà fún Hettie lọ́nà.

Gavin, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ló fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé náà. Ó fẹ́ gbé ọpọ́n ńlá sí i, èyí tí tọkọtaya máa ń jókòó sínú omi gbígbóná rẹ̀ bí ẹran inú ọbẹ̀. Ló bá háyà àpótí irin, gbàǹgbà kan báyìí tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń fi ṣéènì sọ̀ kalẹ̀ síwájú ilé kí èèyàn lè da pàǹtí sí; ilé ẹyẹlé ló fẹ́ wó dà sí i. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kó mú èyí tó tóbi, pé kò sẹ́ni tó mú kékeré tí kì í kábàámọ̀. Ahun kì í gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Agbedeméjì ni Gavin mú.

Clifford bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù di ọjọ́ Àìkú. Àwọn ẹyẹ ti wà lójú ọ̀nà Faransé, àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa tú wọn sílẹ̀; ṣé kí wọ́n dé kí wọ́n má bá ilé ni? Gavin rẹ́rìn-ín. Lójú Maureen Pickup tó ń din ẹja lókè àdúgbò, tó sì ń kọjá lọ lọ́jọ́ náà, ó ní:

"Dádì, mi ò bá yín jà. Ohun tí àpótí bá gbà, ó lọ nìyẹn. Ohun tí kò bá gbà, ó dúró. Mi ò sì ní háyà òmíràn."

"Ṣé ọ̀rọ̀ rẹ kò ní yí padà?"

"Maureen ṣáà ń gbọ́."

Nígbà tí Gavin àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Jímọ́ọ̀, bàbá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tirẹ̀. Ó mọ̀ pé awakọ̀ kì í gbé àpótí tí ẹrù inú rẹ̀ bá ti yọ sókè etí. Ẹni tó gbọ́n a tẹ́ ohun tó wúwo sísàlẹ̀, a fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sí wẹ́wẹ́, kí àyè lè gbà. Clifford kò fọ́ nǹkan kan. Odindi ló ń kó wọn sí i, àga dojú dé, tábìlì na ẹsẹ̀ sókè, tó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ẹrù náà. Ó ju bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí i. Nígbà tó kan àga Edna, ó kọ́kọ́ jókòó lé e nínú àpótí níbẹ̀. Àwọn tó ń lọ ń bi í bóyá ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ti fẹ́ gbéra.

Síbẹ̀ kò kún. Clifford wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí ní àdúgbò yẹn. Gbogbo ayé mọ̀ pé bí aládùúgbò bá rí àpótí rẹ, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo òjò, á sì rọra ju fáànù tó ti bàjẹ́ sí i. Ìdí nìyí tí onílé fi ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ tó sàba. Clifford ní tirẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn kiri, pé kí wọ́n máa gbé e bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé orí rẹ̀ ti yí ni. Nígbà tó yá, wọ́n ya dé. Maureen gbé fóòmù ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá, ihò tí ikùn ọkùnrin náà gbẹ́ sì wà lára rẹ̀. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, àpótí kún dé etí. Gavin dé, ó wò ó, ó wọlé lọ. Clifford sùn lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọba.

Ẹnu tó bá ti tọ́ ọ̀fẹ́ wò kì í pa dé bọ̀rọ̀. Ẹrù àwọn ará àdúgbò tí kò ráàyè ṣì pọ̀ nílẹ̀, ni wọ́n bá parapọ̀ háyà àpótí tó tóbi jù lọ. Níwájú ilé ta ni wọ́n á gbé e sí, bí kò ṣe ti Clifford olóore? Láàárọ̀ Sátidé, awakọ̀ gbé èyí tó kún lọ, ó sọ òfìfo ńlá kalẹ̀ síbẹ̀. Maureen gbé ẹja gbígbóná wá dúpẹ́.

"Cliff, ìwọ lo la ojú wa. A ti fi igun kan sílẹ̀ fún ẹ."

Ẹja náà já bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Gavin ti jáde pẹ̀lú òòlù ńlá.

"Dádì, èmi kọ́ ni mo háyà ẹ̀. Ẹ̀bùn ni."

Kí Maureen tó mọ ohun tó ṣe, òrùlé ilé ẹyẹlé ti wà nílẹ̀. Ó ní kí Gavin dúró ná. Gavin bi í bóyá ó fẹ́ gba igun rẹ̀ padà. Maureen wo sítóòfù rẹ̀ tó ṣì ń dúró de àyè, ó wo àwọn aládùúgbò, kálukú ń wo ẹrù tirẹ̀. Ó padà sídìí ẹrù tirẹ̀. Gavin mọ iṣẹ́ ju bàbá rẹ̀ lọ: ó fọ́ pákó náà wẹ́wẹ́, ó tò wọ́n pẹlẹbẹ. Gbogbo ayé Clifford kò gbà ju igun yẹn lọ.

Òrùn kò tíì dé àtàrí nígbà tí Hettie dé, ṣáájú gbogbo ẹyẹ Lancashire. Ó yí po lókè ẹ̀yìnkùlé tó ṣófo, ó tún yí po. Ló bá rí àpótí ìtẹ́ rẹ̀ láàárín pàǹtí inú àpótí irin níwájú ilé, tó dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó bà, ó wọ inú rẹ̀. Pákó ẹnu ọ̀nà wà lábẹ́ sítóòfù Maureen, aago kò dún. Ọkùnrin kan ní àdúgbò kejì ló gba ife náà, pẹ̀lú ẹyẹ tó dé lẹ́yìn tí Hettie ti sinmi tán.

Clifford gun inú àpótí irin náà lọ, ó gbé ẹyẹ rẹ̀ sábẹ́ kóòtù, ó jókòó.

"Dádì, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Ohun tí àpótí bá gbà, ó lọ nìyẹn," ni bàbá wí. "Ó gbà mí."

"Ẹ jókòó de awakọ̀ nígbà náà," ni Gavin dáhùn, ó sì lọ wọn ibi tí ọpọ́n máa wà.

Àwọn ẹyẹ yòókù ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bà sí etí irin yí i ká. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ìpọ́njú. Ẹyẹlé kò sì yẹrí. Awakọ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé bàbá sọ̀ kalẹ̀ kó tó fi àwọ̀n bo ẹrù.

Ilé àwọn arúgbó ni Clifford wà báyìí, wọn kì í gba ẹyẹ níbẹ̀. Gavin wà nínú omi gbígbóná. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, Maureen Pickup ṣì wà láàyè, ó ṣì ń din ẹja lókè àdúgbò wa. Ẹ lọ bi í. Ṣùgbọ́n ẹ ra ẹja tán kí ẹ tó dárúkọ sítóòfù.